Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ fíìmù àwọn nọ́ọ̀sì Wuhan

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn kò bá Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kì í sú wọn í gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti fíìmù 76 Days fún ọjọ́ 19, tí mo ń kọ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èmi àti àwọn nìkan la máa wò ó, mi ò pín in fún ẹlòmíì.

Fíìmù yìí kì í ṣe eré àgbéléwò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n yà, ní ilé ìwòsàn mẹ́rin ní ìlú Wuhan, ní Ṣáínà, nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà (COVID-19) láti ọjọ́ 23 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2020. Bí ẹ bá ka ọjọ́ yẹn, 76 ló jẹ́. Hao Wu, Weixi Chen àti ẹnì kẹta tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun ló ṣe é. Amẹ́ríkà ni Hao Wu jókòó sí tó ń to àwòrán pọ̀; àwọn méjì yòókù ló wọ aṣọ ìdáàbòbò, tí wọ́n gbé kámẹ́rà wọ wọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé fún èèyàn, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni jókòó kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ àti aláìsàn ń bá ara wọn sọ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ìyẹn ò bá yé èèyàn, kò sí nǹkan tó máa dì mú.

Apá tó rọrùn ni fáìlì. Fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí SRT, ìwé lásán ni, Notepad lè ṣí i. Nọ́ńbà ló máa ń wà lókè, àkókò tí ọ̀rọ̀ máa yọ àti ìgbà tó máa wọlé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà òfìfo kan. Mi ò fọwọ́ kan àkókò rárá. Mo ṣí fáìlì Gẹ̀ẹ́sì nínú Subtitle Edit, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, mo sì ń fi Yorùbá rọ́pò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tó wà.

Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun kì í jẹ́ kí ìlà kan ju nǹkan bíi lẹ́tà 42 lọ, wọn kì í sì í fi ju ìlà méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ tẹ̀ lé ìlànà yẹn, ṣùgbọ́n Subtitle Edit máa ń fi àwọ̀ pupa hàn bí ìlà bá gùn jù, ohun tí mo ń kọ sì kàn ń pọ́n kúú ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà kò ka ẹ́ sí lẹ́tà kan: ẹ jẹ́ ọ̀kan, àmì orí rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀kan. Gbólóhùn Yorùbá tí kò gùn rárá á wá dà bí èyí tó gùn jù. Mo pa àwọ̀ pupa yẹn tì. Mo ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè bí àwòrán ṣe ń lọ; bí mo bá kà á tán kó tó wọlé, ó ti dára nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ ti dà bí òkè ni “o” àti “ẹ”.

Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ ọ́. Yorùbá ò lè la ẹnu kó má kọ́kọ́ mọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ. Nínú fíìmù yìí, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ìbòmú, awò ojú ńlá tí èémí ti bò. Ohùn ń jáde, mi ò mọ ti ta ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é tán, “ẹ” ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, mo rò pé ọ̀wọ̀ kì í pọ̀ jù. Mo wá wò ó látòkè délẹ̀, ó burú. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́, tí ọ̀kan ń bá èkejì di aṣọ lẹ́yìn, wá ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí àna àti àna. Ìfẹ́ tó wà láàárín wọn pòórá.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ìwé kan sílẹ̀, mo ń kọ ìrísí ẹni kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀: bó ṣe ń rìn, bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, ẹni tí àwọn yòókù ń wò lẹ́nu. Orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sára aṣọ wọn ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Àwọn náà kò mọ ara wọn lójú! Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 42,000 ni wọ́n kó láti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn wá ran Wuhan àti agbègbè rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì pàdé rí. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò bá kọ orúkọ sára, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pè é?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ èdè Ṣáínà bá mi tẹ́tí sí àwọn ibi tó ta kókó. Mo ti gbọ́ pé èdè náà ní “nín” fún ọ̀wọ̀ àti “nǐ” fún ẹgbẹ́ ẹni, mo rò pé ìṣòro mi tán. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọmọ lè fi “nǐ” bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó má sì jẹ́ àrífín. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ apẹja, tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Ó máa ń jáde ní yàrá, á ní ilé lòun ń lọ. Ọmọ rẹ̀ ń bá a wí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà le. Mi ò lè jẹ́ kí ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé “o ò gbọ́ràn”. “Ẹ” ni mo lò, ìbínú wá kù tí mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo fi “ṣé ẹ ń gbọ́ mi” tì í lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti pè báyẹn rí, yóò mọ̀ pé inú ń bí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pe àwọn bàbá àgbà ní “yéye”. “Bàbá” ni mo kọ, kò ná mi ní ìrònú kankan.

Àwọn ibòmíràn wà tí Yorùbá bọ́ sí i ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Ṣáínà máa ń sọ fún ẹni tó ṣe làálàá, “xīnkǔ le”. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi odindi gbólóhùn ìdúpẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo kọ “Ẹ kú iṣẹ́”, ó parí. “Jiāyóu”, tí wọ́n fi ń ki ara wọn láyà, mo kọ “Ẹ ṣe gírí”.

Ti nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà mí ní ọjọ́ méjì. Òun ló ń kó fóònù àti káàdì ìdánimọ̀ àwọn tó ti kú jọ, tó ń fi oògùn apakòkòrò nù wọ́n, tó sì ń pe àwọn ẹbí pé kí wọ́n wá gbà wọ́n. Fóònù tí olóhun ò sí mọ́ ń dún nínú ibi tó kó wọn sí. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń bẹ̀bẹ̀ náà ló fi ń báni kẹ́dùn, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ “Ẹ má bínú”, á dà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ wọ́n. “Ẹ pẹ̀lẹ́” là ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ó kéré. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè” wà fún ọmọ tó sin òbí, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò sì ráyè sin ẹnikẹ́ni. “Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn” ni mo padà fi síbẹ̀. Mo ṣì ń rò ó.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni mo ṣe kẹ́yìn, nítorí mi ò lè wò ó léraléra. Òṣìṣẹ́ ìlera kan, tí òun náà wọ aṣọ funfun, ń sunkún pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí bàbá òun fún ìgbà ìkẹyìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì í mú. Ó ń pe bàbá rẹ̀. “Bàba” ni wọ́n ń pe bàbá lédè Ṣáínà. Níbi tí ó ti ń ké e, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo yọ ìlà yẹn kúrò, mo fi ìsàlẹ̀ àwòrán sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì di àpótí kéékèèké. Fáìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà tó ní àmì, nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀. Mo ṣe ìyẹn, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, mo fi VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, ṣí i, mo yan fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá kọ. Ó tò.

Màmá mi wò ó tán láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n dá a padà sí ibi tí ẹnì kan ti ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá, tí mo fi “o” sí ẹnu ẹni tó dá a lóhùn. “Ọ̀gá wọn nìyẹn,” wọ́n ní, “ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe yà fún un lẹ́nu ọ̀nà ni?” Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ti wo ibẹ̀, mi ò rí i. Mo ṣí fáìlì náà, mo yí i sí “ẹ”, mo sì tún un tọ́jú.