Àwọn Àṣìṣe Tí À Ń Ṣe Nígbà Tí Àyà Wa Bá Ń Já Níwájú Èrò

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ, ẹnu mi kì í kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá mi, nígbà tí wọ́n gbé míkírò lé mi lọ́wọ́ lábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n ní kí àkọ́bí dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, gbólóhùn méjì péré ni mo sọ. Ẹ̀kẹta di àwátì. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi, orúnkún mi ń gbọ̀n, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù kìkì. Mo dákẹ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú ló gbà mí sílẹ̀. Ó gbé ohùn sókè: “Ọjọ́ á jìnnà síra o!” Gbogbo èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Àṣẹ!” Bí ohùn wọn ṣe dún yẹn ni mo tó rí èémí mí.

Mo ti dìde sọ̀rọ̀ ní ibi púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó wá yé mi ni pé ẹ̀rù kọ́ ló bà mí jẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ohun tí mo ṣe nítorí ẹ̀rù ni. Mo ṣì ń rí àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń ṣe wọ́n ní òde, ó sì máa ń dùn mí.

Àkọ́kọ́ ni kíkọ ọ̀rọ̀ ní Faransé, kí a wá máa tú u sí Yorùbá lórí ìdúró. Iléèwé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: Faransé la fi ń kọ̀wé, ilé la ti ń sọ Yorùbá. Ojú ìwé méjì ni mo kọ fún ìsìnkú náà, mo sì há a sórí látòkèdélẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ka ewì fún olùkọ́. Ọ̀rọ̀ tí a há sórí dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: bí okùn bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló máa dà sílẹ̀. Ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni, nítorí ìwé tó wà nínú orí rẹ̀ ló ń kà. Ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ fẹ́ sọ ni kí ẹ mú dání. Tèmi ì bá ti jẹ́ ọpẹ́, irú èèyàn tí bàbá jẹ́, àti ohun kan tó sọ fún wa kó tó lọ. Ẹ sọ wọ́n sí etí ẹnì kan nínú ilé, ní èdè ilé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọjọ́ tó pé. Bí wọ́n bá jáde lọ́nà tó yàtọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ó dára bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mo gbà pé kí ẹ mọ̀ sórí.

Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni sódàbì, ọtí líle ilẹ̀ wa. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní kí ẹ gba ife kékeré kan kí ẹ lè láyà. Ọtí kì í fúnni láyà, ahọ́n ló ń mú wúwo. Mo ti wà níbi ìtọrọ ìyàwó kan tí agbẹnusọ ti mu ún kó tó dìde. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó sì sọ ohun kan nípa ìyá ìyàwó tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ. Àwọn àgbà ìdílé ọkọ ló dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á.

Àwọn mìíràn ń ra kóró oògùn lórí àtẹ lọ́jà. Lóòótọ́, oògùn kan wà tó ń jẹ́ propranolol, tó máa ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré àti bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n kù, dókítà sì lè kọ ọ́ fún ẹni tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọ̀nà èémí ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) há. Ẹ má ṣe rà á lórí àtẹ láé.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe máa pàṣẹ fún ara yín pé “fara balẹ̀, fara balẹ̀.” Kò ní gbọ́. Ara tó ń gbọ̀n kò ṣàìsàn, ó rò pé ewu ló dé ni. Ó ti tú adrenaline, oje ara tó ń múni múra de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀: ọkàn á máa sáré, itọ́ á dín kù, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn. Ní 2014, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Alison Wood Brooks, gbé ìwádìí jáde lórí èyí. Ó ní kí àwọn kan sọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn pé ara àwọn balẹ̀, kí àwọn mìíràn sọ pé ara àwọn yá. Àwọn tó ní ara àwọn yá ló sọ̀rọ̀ dáadáa jù. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ìlù bá dé etí rẹ̀, a máa ń ní ara rẹ̀ ti yá, ọkàn tirẹ̀ náà sì ń sáré. Ní ti èémí, ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ ń mí jáde pẹ́ ju èyí tí ẹ ń fà wọlé lọ, ìyẹn máa ń mú kí ọkàn rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi omi sí tòsí.

Ẹ má sì rò pé gbogbo èèyàn ló ń rí i. Àwọn onímọ̀ méjì, Savitsky àti Gilovich, gbé ìwádìí tiwọn jáde ní 2003: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń rò pé ẹ̀rù òun hàn síta ju bó ṣe hàn lọ, àwọn tí wọ́n sì sọ èyí fún kí wọ́n tó dìde ṣe dáadáa ju àwọn tí wọn kò sọ fún.

Mo wá dé orí èyí tó ká mi lára jù: fífo ìbà. Àwa tí a lọ sí iléèwé máa ń rò pé ìkíni gígùn ń fi àkókò ṣòfò. Mo fò ó lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá mi, ní Kétu, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára àwọn àṣà ẹnu tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Lóru, kí ijó ọ̀sán tó dé, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ló ń jáde kọrin níwájú gbogbo ìlú, tó ń bá ẹni tó ṣìwà hù wí, ì báà jẹ́ olówó. Ta ni àyà rẹ̀ kò ní já? Síbẹ̀ kì í kọ́kọ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ó ń júbà fún òrìṣà, fún àwọn ìyá wa, fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀, àwọn elégbè sì ń gbè é. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti mọ̀ ni ìbà, kò gba ìrònú. Bí ẹ bá ń wí i, ọkàn á rí àyè rọlẹ̀. Àwọn èèyàn á dáhùn pé “Ìbà á ṣẹ,” ẹ kò sì ní dá wà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá gba ìbà gígùn, ẹ kí wọn kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ló ń kí èèyàn tí wọn kì í dúró.

Ìbà yàtọ̀ sí bíbẹ̀bẹ̀ pé ẹ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. “Ẹ̀yin àgbà, tótó ó ṣe bí òwe” jẹ́ ọ̀wọ̀. “Ẹ má bínú, mi ò múra sílẹ̀” ń kọ́ èrò láti máa wá àṣìṣe yín ni.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi gbéyàwó, wọ́n tún gbé míkírò fún mi. Mo kí àwọn àgbà, mo kí àwọn àna wa, mo júbà bàbá. Ohùn mi gbọ̀n nígbà tí mo dé orí orúkọ rẹ̀. “Ìbà á ṣẹ,” ni wọ́n dáhùn. Mo gbé ojú sókè, mo wá ìyá àgbà yẹn láàárín èrò. Ó ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

“Máa wí, ọmọ mi,” ó ní.

Mo wí.