Bí mo ṣe yọ ọ̀bẹ kábọ́ọ̀nù lẹ́nu ìpẹtà

Ọ̀bẹ kan tí wọ́n fẹ́ gbé sọ nù ni mo gbà, mo sì tún un ṣe. Irin kábọ́ọ̀nù, ìyẹn irin tí wọ́n po kábọ́ọ̀nù mọ́, tó sì máa ń tètè dípẹtà, ni wọ́n fi rọ ọ́. Ìpẹtà pupa ti bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ nígbà tí mo fi èékánná họ ọ́, mo rí i pé òkè ara lásán ló wà, kò tíì jẹ irin náà wọnú. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àsọnù rárá.

Mo bu fínígà funfun sínú àwo pẹlẹbẹ, mo rẹ irin náà sí i fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, mi ò jẹ́ kí èèkù onígi kàn án. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú o: bí fínígà bá jẹ ìpẹtà tán, irin gan-an ló kàn. Lẹ́yìn náà, mo fi sáńpépà tó kúnná dáadáa àti omi ha á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, torí irin tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ìhòòhò lè tún dípẹtà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Mo mú fínígà lọ́wọ́ọ́rọ́, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo ń fi pa ọ̀bẹ náà lára léraléra. Ó kọ́kọ́ rí bí eérú, ó wá ń dúdú díẹ̀díẹ̀, ó tiẹ̀ ní àwọ̀ aró níbì kan. Àwọn kan á rí dúdú yẹn, wọ́n á máa fi kànìnkànìn bó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Irin àti afẹ́fẹ́ ló bí àti pupa àti dúdú, ṣùgbọ́n pupa máa ń ṣí kúrò, á sì fàyè gba omi láti dé ara irin tó wà lábẹ́. Dúdú ní tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin pinpin, ó ń dín ìpẹtà kù. Kì í dá a dúró pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi fi mineral oil díẹ̀, ìyẹn òróró tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì, pa á lórí. Òróró ìdáná máa ń lẹ̀ tó bá pẹ́, ó sì máa ń rùn. Mi ò sì tọ́jú rẹ̀ sínú akọ̀ aláwọ, torí awọ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn ra sténlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà. Ìbéèrè gidi ni. Ó kéré tán, ìdá 10.5 nínú 100 irin yẹn jẹ́ mẹ́táàlì tí wọ́n ń pè ní chromium, òun àti oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń para pọ̀ di ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ò lè rí. Bí nǹkan bá ha á, á tún hù padà. Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, ti ṣe irú irin yìí lọ́dún 1913, nígbà tó ń wá irin tí yóò pẹ́ nínú ìbọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun, tàbí ilé tí ọ̀bẹ ti ń sùn sínú omi àwo, sténlẹ́ẹ̀sì ni kí wọ́n rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ ṣì lè dá ihò kéékèèké sí òun náà lára.

Òkúta ìpọ́nbẹ ló mú kí n fẹ́ràn kábọ́ọ̀nù. Kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ tí á fi mú ṣáṣá. Ọ̀pọ̀ sténlẹ́ẹ̀sì máa ń ṣagídí níbẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n nù ún gbẹ kí n tó yíjú sí iṣẹ́ mìíràn, pàápàá tí mo bá fi gé ohun kíkan. Ìdí èèkù ni mo máa ń yẹ̀ wò jù, ibẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí. Bí pupa bá yọ níbẹ̀, òróró àti aṣọ ni mo fi ń ra á kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.