Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Ẹ̀jẹ̀ Nínú Òfin Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Ẹni tó ṣí ìwé òfin àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó rí i pé 1200 ṣílè ni owó ẹ̀jẹ̀ ọlọ́lá, tó wá gbà pé iye tí apànìyàn san nìyẹn, kò tíì ṣírò dé ìdajì ọ̀nà. Mọ̀lẹ́bí òkú nìkan ni wọ́n ń san wergild, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀ 1200 náà, fún. Ọ̀gá tí òkú ń sìn nígbà ayé rẹ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọba náà sì ní tirẹ̀.

Kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí òfin náà ti wá. Nínú òfin Æthelberht ọba Kent, ní nǹkan bí ọdún 600, owó ẹ̀jẹ̀ mẹ̀kúnnù tí kì í ṣe ẹrú jẹ́ 100 ṣílè, wọ́n sì ń san 50 ṣílè fún ọba lọ́tọ̀. Ní Wessex, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, lábẹ́ Ine tó jọba lọ́dún 688, ipò mẹ́ta ló wà: ẹni tí owó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 ṣílè, 600 àti 1200. Má fi 100 ti Kent wé 200 ti Wessex kí o sọ pé ẹ̀mí ò níye lórí ní Kent. Wúrà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ṣílè Kent, sceat (owó kéékèèké wọn) 20 ló sì wà nínú ọ̀kan.

Ṣílè yìí gan-an ló ń ba ìṣírò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ṣílè Wessex jẹ́ pẹ́nì fàdákà 5, ti Mercia, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, jẹ́ 4. Ṣílè oní-pẹ́nì 12 di ti gbogbo ilẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Nọ́máńdì ti dé. Nítorí náà, 1200 ṣílè Wessex jẹ́ pẹ́nì 6000. Pẹ́nì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, owó náà sì di pọ́n-ùn 25. Ẹni tó bá fi 12 ṣe ìsọdipúpọ̀ yóò rí pọ́n-ùn 60, ọlọ́lá náà á sì ti gbówó lórí ju ìlọ́po méjì lọ.

Lẹ́yìn èyí, fi manbot, owó ọ̀gá òkú, kún un. Nínú òfin Ine, 30 ṣílè ni fún òkú oní-200, ìyẹn ẹni tí owó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 ṣílè, 80 fún oní-600, 120 fún oní-1200.

Ó kù bí wọ́n ṣe ń san án. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá, apànìyàn kì í dá lọ bá àwọn ọmọ olóòkú. Alágbàwí rẹ̀ ló ń ṣáájú lọ sọ pé ó ti ṣe tán láti san. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i pé wọn ò ní pa á lójú ọ̀nà, yóò wá fúnra rẹ̀ ṣèlérí. Fún owó ẹ̀jẹ̀ oní-1200, onídùúró 12 ni yóò mú wá: 8 láti ìdí bàbá, 4 láti ìdí ìyá. Ìdílé méjèèjì á wá gbé ọwọ́ lé ohun ìjà kan ṣoṣo pa pọ̀, wọn á sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú onílàjà pé àlàáfíà ọba ti dúró.

Ọjọ́ yẹn ni kí o ti máa ka òru, má ṣe kà á láti ọjọ́ ìpànìyàn. Lẹ́yìn òru 21, wọ́n á san healsfang, owó àwọn ìbátan tímọ́tímọ́, 120 ṣílè fún oní-1200. Àwọn ọmọ òkú, àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ́kùnrin àti àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ìbátan tó jìnnà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òru 21 mìíràn, manbot. Òru 21 sí i, owó ìtanràn ìjà, tó jẹ́ ti ọba. Òru 21 tó tẹ̀ lé e, ìpín àkọ́kọ́ nínú wergild fúnra rẹ̀. Òru 84 nìyẹn. Àwọn àgbà ìlú ló ń dá ọjọ́ fún ìyókù. Kent ayé Æthelberht yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: 20 ṣílè lẹ́bàá sàréè kí wọ́n tó dí i, gbogbo owó láàárín òru 40.

Tún béèrè ẹni tó ń san án. Ní Kent, bí apànìyàn bá sá kúrò nílùú, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ á san ìdajì. Òfin Alfred, ọba Wessex, pín in fún apànìyàn tí kò ní ìbátan ní ìdí bàbá: ìdí ìyá á san ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á san ìdá kan, apànìyàn á sì sá lọ nítorí ìdá kẹta. Bí kò bá ní ìbátan níhà ìyá pẹ̀lú, ẹgbẹ́ á san ìdajì, apànìyàn á sì sá nítorí ìdajì tó kù.

Edmund, ọba Gẹ̀ẹ́sì láti 939 sí 946, yí i padà. Apànìyàn ló ni ọ̀ràn rẹ̀, àyàfi bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá bá a san owó náà tán láàárín oṣù 12. Mọ̀lẹ́bí lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì bọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ tàbí ibi tó máa sùn. Ìbátan tó bá gbà á sílé lẹ́yìn náà, gbogbo ohun ìní rẹ̀ di ti ọba, àwọn ọmọ olóòkú sì lè gbẹ̀san lára òun náà.