Bí mo ṣe pa àwọ̀ ọsàn tó yọ lára irun tí mo kùn nílé

Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n yà sára páálí aró náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ orí tán, irun mi ti pọ́n bí ọsàn, ìdí rẹ̀ sì mọ́ ju ṣóńṣó rẹ̀ lọ, nítorí pé ooru awọ orí máa ń mú kí aró yára ṣiṣẹ́. Àwọ̀ pupa wà nínú irun dúdú, òun ni ó sì máa ń hàn bí hydrogen peroxide inú aró bá ti bó díẹ̀ nínú dúdú náà. Nítorí náà, n kò tún fi bílíìṣì sí i, torí irun náà ti gbẹ tó.

Búlúù ni ó ń pa àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ àlùkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré rà, irun tí ó ti di yẹ́lò ni ó wà fún. Mo ra tónà aláwọ̀ búlúù, ìyẹn èròjà tí a fi ń tún àwọ̀ irun ṣe lẹ́yìn tí a bá ti kùn ún, mo dán an wò lára ìwọ̀nba irun lẹ́yìn etí, lẹ́yìn náà ni mo fi í sí ibi tí ó pọ́n jù, tí mo sì ń nu díẹ̀ wò lóòrèkóòrè, nítorí pé irun tí a ti bó máa ń tètè mu àwọ̀. Ó di búráùn tí ó dọ́gba. Tónà kì í pẹ́ ṣí, nítorí náà mo ń fi ṣampú aláwọ̀ búlúù fọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà tí ọsàn bá tún fẹ́ yọjú.