Bí igun ìránṣọ mi ní Àjàṣẹ́ ṣe gún régé

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá ni mo ti ń ránṣọ. Òwú á lọ́ mọ́ra wọn, abẹ́rẹ́ á dípẹtà, torí ọ̀rinrin tó ń ti ọ̀sà wá kì í dá irin sí.

Òwú ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò gé pákó pẹlẹbẹ kan fún mi, mo kan ìṣó gígùn tí orí wọn kéré mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n dagun sókè díẹ̀. Bí ìṣó bá lọ gbọnrangandan, òwú á máa yọ́ bọ́ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọ inú agolo onídèérí, pẹ̀lú àkísà tí mo fi òróró ẹ̀rọ pa. Nọ́ńbà-nọ́ńbà ni mo yà wọ́n sí: 70/10 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 90/14 fún ànkárá, 100/16 fún jíǹsì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó. 90 yẹn, mìlímítà 0.9 ni. Ojú lásán ò lè tètè yà wọ́n.

Ti abẹ́rẹ́ tó ń já sílẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Mo yọ òòfà inú rédíò kan tó ti kú, mo so ó mọ́ ẹnu igi. Bí mo bá ti wọ́ ọ kọjá nílẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á ṣù mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kì í wọ bàtà nínú ilé, ní ẹsẹ̀ òun dúpẹ́!

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mo kàn yí i kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti ọwọ́ òsì wá, kí òjìji ọwọ́ ọ̀tún mi má baà bo ojú iṣẹ́. Ègé aṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn. Ìyẹn ò tíì kàn.