Bí Mo Ṣe Fi Òòlù Rọ́bà àti Rúlà Tọpa Iṣẹ́ Nọ́ọ̀fù

Ohun èlò méjì ni mo lò: òòlù kékeré olórí rọ́bà tí àwọn dókítà fi ń yẹ orúnkún wò, àti rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí ara bá ń fèsì sí nǹkan, ibo gan-an ni àkókò ń bá lọ?

Orúnkún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo ń yẹ̀ wò jókòó sórí tábìlì gíga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ dirodiro. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, torí bó bá kàn án, iṣan itan á ti le kí òòlù tó dé. Mo fi àtàǹpàkò wá egungun róbótó tó bo orúnkún, mo sì fà á wá sísàlẹ̀ títí mo fi dé ibi tó rọ̀ díẹ̀, lókè ibi tí egungun ojúgun ti yọ gọngọ. Okùn tó so iṣan iwájú itan mọ́ ojúgun ló wà níbẹ̀. Kò gba agbára rárá. Mo di ìdí òòlù mú jẹ́jẹ́, mo jẹ́ kí orí rẹ̀ fi ìwúwo ara rẹ̀ já lé e, mo sì gbé e kúrò kíá. Bó bá ba egungun, á kàn dun onítọ̀hún ni, ẹsẹ̀ ò ní ta.

Bí òòlù ṣe ba okùn yẹn, iṣan itan nà díẹ̀. Àwọn ohun tíntìntín tó ń ṣọ́ nínà iṣan wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ gba inú fọ́nrán nọ́ọ̀fù tí ọ̀rá wé nípọn. Irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ń gbé ìròyìn sáré ní nǹkan bíi 80 sí 120 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìròyìn náà gba ẹ̀yìn wọ okùn ògóóró ẹ̀yìn lágbègbè ìbàdí, ó sì bá sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún iṣan náà pàdé ní tààrà, oríta kan ṣoṣo. Àṣẹ wá gba iwájú jáde. Bó ṣe rí jákèjádò okùn yẹn nìyẹn: ìmọ̀lára ń gba ẹ̀yìn wọlé, àṣẹ ń gba iwájú jáde. Lẹ́sẹ̀ kan náà, sẹ́ẹ̀lì kékeré mìíràn sọ fún iṣan ẹ̀yìn itan pé kó dẹwọ́, kó má bàa fa ẹsẹ̀ padà. Láti ìgbà tí òòlù bà á títí iṣan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.02 lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọpọlọ tó gbọ́.

Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ tí kò ta, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹni náà ń wo orúnkún rẹ̀, tó sì ti mú iṣan le. Mo ní kó wo iwájú, kó fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn, kó sì máa fà wọ́n síra bí mo ṣe ń lu okùn. Ẹsẹ̀ ta dáadáa. Dókítà Jendrassik ará Hungary ni wọ́n fi sọ ọgbọ́n yìí. Kí ìfèsì lọ́ra lẹ́sẹ̀ méjèèjì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àìsàn. Bí ẹsẹ̀ kan bá yàtọ̀ sí èkejì gan-an ni kí dókítà wò ó.

Ó wá kan rúlà. Apá ẹni náà sinmi lórí tábìlì, ọwọ́ yọ síta, àlàfo nǹkan bíi 2 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Mo gbé òdo rúlà sáàárín àlàfo náà láìjẹ́ kó kan awọ, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kó lè fi ìka méjèèjì gbá a mú bó bá ti rí i pé ó ń já bọ̀. Ẹ máa yí bí ẹ ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á mọ ìgbà tó ń bọ̀. Mo ka iye tó wà lókè àtàǹpàkò, mo fi 490 pín in (nǹkan bí iye sẹ̀ǹtímítà tí ohun tó já bọ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́), mo sì tẹ √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò láti mọ àkókò tó gbà: 20 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.20, 15 jẹ́ 0.175, 10 jẹ́ 0.14. Èyí tí kò tó 10, mo yọ ọ́ dànù, torí àbá ló dá, ojú kọ́ ló fi rí i. Ti àwọn ìyókù wà láàárín 17 sí 22.

Èyí jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti orúnkún, ibi tí mo sì fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nìyí. Láti apá ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún ìrìn ara dé ọwọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.02 péré ni. Kì í ṣe ọ̀nà ló gùn. Awọ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú nílò àkókò láti sọ ìmọ́lẹ̀ di ìròyìn, ìròyìn náà lọ sí apá ọpọlọ tó wà ní ìpàkọ́, ó padà wá síwájú, oríta sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni àṣẹ ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ fọ́nrán rẹ̀ sì ń sọdá sí òdìkejì ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tí apá òsì fi ń darí ọwọ́ ọ̀tún.

Láti yọ ojú kúrò nínú rẹ̀, mo ní kó dijú. Mo gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà tí ọwọ́ ọ̀tún ń jọ̀wọ́ rúlà. Mi ò lo ohùn, torí bí ẹnu bá fi díẹ̀ ṣáájú ọwọ́, iye tí a máa kà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Rúlà dúró ní nǹkan bíi 15.