Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìsáǹsá Tó Forí Pamọ́ sí Ìlú Àdádó ní Rọ́ṣíà

Ẹ yan ìlú kí ẹ tó yan ẹ̀ṣẹ̀ tó ń lé ọkùnrin náà. Tí ẹ bá kàn ní "ìlú kan ní Rọ́ṣíà", Ọ̀fà tí wọ́n da yìnyín lé lórí ni ẹ máa kọ. Norilsk, ìlú kan ní àríwá jíjìn Rọ́ṣíà, la ó fi ṣàpẹẹrẹ. Kò sí títì tàbí rélùwéè tó so ó mọ́ ìyókù Rọ́ṣíà. Bàálù ló ń gbéni débẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi lórí odò Yenisei dé èbúté Dudinka nígbà tí odò ò bá dì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lóru bí ẹni dé gárééjì Òmù-Àrán. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù gba ìwé ìdánimọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yín ti bẹ̀rẹ̀: orúkọ ta ló wà lórí ìwé yẹn?

Ẹ farabalẹ̀ síbi orúkọ yìí. Ní Ìlọrin, agbo ilé la máa ń bi àlejò. Ní Rọ́ṣíà, orúkọ bàbá wà nínú orúkọ ọmọ: Sergei tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ivan, Sergei Ivanovich ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un. (Ti obìnrin ni Ivanovna; ọ̀pọ̀ máa ń ṣì í.) Ẹni tó bá yí orúkọ padà pátápátá yóò yá bàbá mìíràn fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ pe orúkọ bàbá irọ́ yẹn, kí ọkùnrin náà má dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn á dẹ́rù ba òǹkàwé Kwara ju ọlọ́pàá mẹ́wàá lọ, torí ó mọ ohun tí "ọmọ ta ni ọ́?" ń ṣe fún ẹni tó ń sá.

Tí ìsáǹsá yín bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti 2001 ni àjèjì kò ti lè wọ Norilsk láìgba àṣẹ. Ẹ wá ẹni tó máa bá a gba àṣẹ náà, tàbí kí ẹ gbé e lọ Yakutsk, ìlú mìíràn ní Rọ́ṣíà tí kò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Òtútù rọrùn láti kọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tú àṣírí òǹkọ̀wé. Láti ìparí oṣù Kọkànlá dé nǹkan bí àárín oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ rárá ní Norilsk, torí náà ẹ má kọ "oòrùn yọ" nínú oṣù Kejìlá. Nínú oṣù Kẹfà, kì í wọ̀: kò sí òru tó lè fi bojú sá. Ẹ má sì fi í pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ dì bí òkúta, tí ooru ilé bá sì yọ́ ọ, ilé á rì.